Ìlà Kẹta Tí Mo Kọ̀ Láti Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń ṣe mí kí n tó jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Etí kò dùn mí, etí mi kò sì di. Dókítà etí kan ní Adó ti yẹ̀ mí wò. Ó fi ẹ̀rọ bò mí létí, ó ní kí n máa na ọwọ́ sókè nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ìró, mo sì na ọwọ́ sókè títí apá fi ń ro mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò ní irú etí tí mo ní. Òótọ́ ni ó sọ. Mo ń gbọ́ ewé gbígbẹ tí ó bá já lu òrùlé pánù. Mo ń gbọ́ ọ̀kadà láti ìgbà tí ó bá ti yà kúrò ní ọ̀nà Àrámọ̀kọ. Ohun kan ṣoṣo tí n kò gbọ́ mọ́ ni ìlà kẹta nínú ẹsẹ tí ó kẹ́yìn orin ìparí ìsìn ní ìjọ wa. Bí orin bá dé ibẹ̀, gbogbo ayé a dákẹ́ fún mi, bí ìgbà tí ènìyàn bá ri orí bọ omi. Bí ìlà kẹrin bá bẹ̀rẹ̀, ohùn gbogbo a tún padà. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń gbọ́ orin! Ta ni kí n sọ ọ́ fún, bí kò ṣe ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ojú mi?

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo jẹ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, wá mú mi kúrò ní ìlú wa, ìlú kékeré kan láàárín Ìjerò àti Àrámọ̀kọ. Láti Ìbàdàn ni mo ti wọ yunifásítì, láti ibẹ̀ ni mo ti sọdá sí òkè òkun, níbi tí mo ti kọ́ ènìyàn ní orin fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. N kò dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé tí àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, n kò tún un ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ìyẹn kún àwọn ohun tí mo ń jẹ́wọ́.

Màmá mi ni ó ń dá orin ní ìjọ wa láti ìgbà tí mo wà ní ọmọdé. Kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ dùn ju ti àwọn yòókù lọ. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ díẹ̀, ó sì máa ń fà á bí ẹni tí ó ru ẹrù gun òkè tí kò fẹ́ kí ó dànù. Ìgbà tí ó kú, èmi ń bẹ lẹ́nu ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo ní n kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já bí wọ́n ti ń sọ pósí kalẹ̀. Ìgbà tí ó fi padà, ilẹ̀pa ni mo rí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo fẹ̀yìn tì tí mo kó ẹrù mi wá sílé, mo sì ń gbé inú ilé tí ó fi sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sẹ́yìn, mo ń gbọ́ orin bí ẹni tí ń ṣe ìdánwò fún wọn. Orin ìparí ìsìn wa kò sí nínú ìwé orin kankan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó àwọn onígbàgbọ́ jọ ní ìlú wa ni ó dá a sílẹ̀, ẹnu ni wọ́n sì fi ń kọ́ ara wọn títí di òní. N kò mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé nígbà èwe wa, wọ́n máa ń kó àwa ọmọdé jáde lọ kọ́ Bíbélì lábẹ́ igi kí àwọn àgbà tó dé ìparí ìsìn. Ẹsẹ mẹ́rin ni ó ní. Bí ó bá kan ẹsẹ ìkẹyìn, gbogbo ìjọ a tẹ orí ba, wọn a di ojú, wọn a sì kọ ọ́ báyìí:

Oòrùn wọ̀, ọ̀nà ṣì jìn,
Ẹni iwájú, dúró dè mí;
Ẹni ẹ̀yìn, má ṣe kánjú,
Ulé Baba kò ní tì.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ti kọ ìlà kejì tán, gbogbo wọn dákẹ́. N kò gbọ́ ìlà kẹta lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo kà á lórí ìka mi: ìdákẹ́jẹ́ náà gùn tó ìlù mẹ́jọ géérégé, gẹ́gẹ́ bí ìlà orin kan ti í gùn. Lẹ́yìn náà, láìsí ẹni tí ó mi ọwọ́ sí wọn, gbogbo ìjọ bọ́ sí ìlà kẹrin lẹ́ẹ̀kan náà, àgbà àti ọ̀dọ́, ẹnì kan kò ṣáájú ẹnì kan. Mo ti darí àwọn akọrin tí wọ́n kàwé gidigidi tí wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ó yà mí lẹ́nu. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fa bírò yọ, mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi pé wọ́n gbàgbé ìlà kan.

Kò pẹ́ tí ìjọ fi ní kí n máa bá wọn tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tí ń darí akọrin nígbà náà ni Tíṣà Bámidélé, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ènìyàn pẹ̀lẹ́ tí ó máa ń fi bírò sí etí. Mo bi í nípa ìlà kẹta. Mo ní ó dà bíi pé wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Ó ní wọn kò gbàgbé. Ó wá ń wo ẹnu mi, bí ẹni tí ń retí pé kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Mo padà sí ìdí kíbọ́ọ̀dù mi. Ó sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú àwọn mìíràn. Bí mo bá ti mẹ́nu ba orin náà, àgbà tí mo ń bá sọ̀rọ̀ a fi ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀, a kọjú sí mi, a dúró. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ìmọ̀ mi ni wọ́n ń bù fún mi.

Nítorí náà, mo tún orin wọn ṣe. Mo kó àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rìndínlógún jọ ní ọjọ́ Ọjọ́rú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo gba ọ̀rọ̀ ìlà kẹta lẹ́nu wọn, mo sì kọ́ wọn ní dò-rè-mí. Mo to orin náà sí ohùn mẹ́rin, mo gbé e sókè díẹ̀ kí ó lè tàn, mo sì mú un yára, nítorí mo gbà pé fífà tí wọ́n ń fà á ni ó ń mú un dà bí orin òkú. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àrámọ̀kọ láti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Níbi tí wọ́n ti ń kọ Ulé ní ẹnu ìlú wa, mo tẹ Ilé. Níbi tí wọ́n ti ń dákẹ́, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ kọ́kọ́ kọ ọ́, Màmá Oyè wá kí mi ní ọ̀sán gangan. Òun àti màmá mi ni wọ́n jọ jókòó lórí àga gígùn kan náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún ogójì ọdún. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun fún eruku. Ó jókòó sábẹ́ àwòrán màmá mi, ó mu omi, ó bèèrè ọmọ mi àti ìyàwó mi tí wọ́n ṣì wà lókè òkun. Ó wá ní, “Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan kan tí o fẹ́ bi mí?”

Mo ní, “Ó wà, mà. Ta ló kọ́ yín ní orin ìparí yẹn, tí ẹ fi ń fo ìlà kan?”

Ó wò mí. Ó wo àwòrán tí ó wà lókè orí rẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Yèyé rẹ máa ń sọ pé etí rẹ mú. Ó máa ń fi yangàn láàárín wa.” Ó dìde, ó sì kọ̀ kí n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìsinmi náà mọ́lẹ̀ rekete. Wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù wa kọjú sí ògiri, nítorí ibẹ̀ ni iná wà, nítorí náà ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ a kọ ẹ̀yìn sí ìjọ. A dé ẹsẹ ìkẹyìn. A kọ ìlà kejì, àwọn ọ̀dọ́ mi sì gbé ìlà kẹta jáde ketekete bí mo ti kọ́ wọn. Ayọ̀ gba ọkàn mi. Nígbà tí wọ́n bọ́ sí ìlà kẹrin ni mo wá gbọ́ ohùn mìíràn lẹ́yìn mi. Obìnrin kan ṣoṣo ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìlà kẹta, díẹ̀díẹ̀, kò tẹ̀ lé kíbọ́ọ̀dù mi, kò sì bìkítà pé a ti kọjá ibẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn, má ṣe kánjú. Mo yí orí padà kíákíá láti mọ ẹni tí ó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ ìlà kẹrin nínú ìwé wọn. Àwọn àgbà tẹ orí ba, ẹnu gbogbo wọn pa dé. Lórí àga Màmá Oyè, ó ku àyè ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ́ gèlè rẹ̀ tí ó ká síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó.

Mo bínú. Mo ní ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà ni, pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ohùn náà kò bọ́ sí ìlà kẹrin mọ́. Ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Àdúrà ìkẹyìn ni ó bá, àárín ọ̀rọ̀ àlùfáà. Àlùfáà kò dánu dúró, ṣùgbọ́n mo rí i tí ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a ti jáde, mo ń kí ènìyàn lórí àtẹ̀gùn, ni ó tó dún láti inú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sí ẹnì kan níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pẹ́ sí i. Bí ẹni tí wọ́n gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tí ó wá ń wá ibi tí yóò dúró sí káàkiri. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ọjọ́ Ajé ni, mo ń sá aṣọ sórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé, oòrùn wà ní àtàrí, mo gbọ́ ọ láti ilé ìdáná màmá mi, gbogbo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo lọ wo inú rẹ̀. Ààrò tútù. Omi aṣọ tí mo gbé lọ́wọ́ ti kán sí mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì, n kò mọ̀.

Ṣé n kò dá ohùn náà mọ̀ ni? Ìbéèrè tí ẹ̀yin náà yóò bi mí nìyẹn. Ẹ̀rọ ni mo fi dá a lóhùn. Mo ti fi fóònù gba orin ọjọ́ Ìsinmi kan sílẹ̀, ohùn náà sì wà nínú rẹ̀. Mo wọn gíga rẹ̀, mo rí i pé ó rẹlẹ̀ ju kíbọ́ọ̀dù mi lọ, pé ó wà ní ibi tí ìjọ máa ń kọ ọ́ sí kí n tó dé. Mo kọ ìyẹn sínú ìwé mi bí ẹni tí ó ti rí ojútùú. Mo gbé fóònù náà fún Tíṣà Bámidélé. Ó gbọ́ ọ tán, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dá fóònù padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní ọ̀dọ̀ Màmá Oyè ni kí n gbé ìbéèrè mi lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun. Mo ní n kò ní ìbéèrè, pé àlàyé ni mo ń wá. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n.”

Ọdún màmá mi ń pé bọ̀. Mo ti tẹ ìwé ìrántí, mo ti mú ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ tí a sin ín gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà ti wí. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀, àwọn ìjọ kan ní Ìjerò pè wá sí ìpàdé àwọn akọrin, mo sì kó àwọn ọ̀dọ́ mi lọ. Orin ìparí wa tí mo tò sí ohùn mẹ́rin ni a fi gúnlẹ̀. A dé ìlà kẹta. Mo rí ẹnu ọmọ mẹ́rìndínlógún tí ó là sílẹ̀ níwájú mi, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Kò pẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó bọ́ sí àyè rẹ̀ gan-an, ó wà lẹ́bàá èjìká mi débi pé mo gbọ́ òórùn kánfọ̀ tí màmá mi máa ń tọ́jú sínú aṣọ. Ẹni ẹ̀yìn, má ṣe kánjú. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún wa. Agogo méjìlá ku díẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé Màmá Oyè. Ó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tí ó sá sí iwájú ilé. Ohun tí ó ti ẹnu mi jáde ni, “Màmá, ta ni ẹ máa ń dúró dè nínú orin yẹn?”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nínú kòkó. Ó ní, “Yèyé rẹ ni. Àná ni ọdún rẹ̀ pé.”

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, láìbínú, bí ẹni tí ń ka nǹkan tí kò wúlò mọ́. Bí ẹni tí ń dá orin ní ìjọ wa bá kú, wọn a fi ìlà kẹta sílẹ̀ fún un ní ọjọ́ Ìsinmi méjìléláàádọ́ta, nítorí pé alààyè ni ó ń pe ẹni iwájú, òkú ni ó sì ń dáhùn. Ọmọ rẹ̀ ni yóò bèèrè ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún un, nítorí ìbéèrè náà ni ẹ̀rí pé ọmọ ti gbọ́ pé ohùn kan kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá ti bèèrè, wọn a kọ́ ọ, ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn yóò dìde, yóò dá ìlà náà kọ, ìlà náà yóò sì padà di ti gbogbo ìjọ. Kàlẹ́ńdà mi ka ọjọ́. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń kà, àná ni ó sì pé méjìléláàádọ́ta. Ní àná tí mo wà ní Ìjerò, àwọn àgbà nìkan ni ó kọ orin náà. Wọ́n kọ ìlà kejì ní agogo méjìlá ku díẹ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n dúró. Wọ́n dúró títí oòrùn fi kúrò lórí àtẹ̀gùn pẹpẹ. Nígbà tí Màmá Oyè jókòó, gbogbo wọn jókòó, wọ́n sì lọ sílé láìkọ ìlà kẹrin.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú kòkó náà. Mo bi í bóyá àtúnṣe wà. Ó ní ọmọ kan kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí, nítorí náà kò sí ẹni tí ó mọ àtúnṣe rẹ̀. Ó ní, “Bóyá a ó dákẹ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bóyá a ò ní dákẹ́. A ò sì ní sọ fún ọ.”

Láti ọjọ́ náà ni ohùn náà ti lọ, láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbọ́ ìlà kẹta. Mo ti kó àwọn ìwé tí mo tẹ̀ kúrò. Mo ti dá orin náà padà sí bí ó ṣe rẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń fà á. Bí a bá dé òpin ìlà kejì, mo máa ń gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, mo máa ń kọjú sí ògiri, ìlù mẹ́jọ a sì kọjá nínú òfìfo. Ṣé wọ́n ń kọrin ni, tí etí mi ni ó kú sí i? Àbí wọ́n ti dákẹ́, tí wọ́n ń dúró dè mí? Mo bi Tíṣà Bámidélé lẹ́yìn ìsìn kan bóyá wọ́n kọ ìlà kẹta lọ́jọ́ náà. Ó fi bírò rẹ̀ sí etí, ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní etí.”

Ẹ ó ní kí n yí ojú padà kí n wo ẹnu wọn. Mo mọ̀. Ó rọrùn láti sọ. Bí mo bá yí padà tí mo rí i pé gbogbo wọn ń kọrin, ó ti parí nìyẹn. Wọ́n ti gba ìlà náà láìsí èmi, màmá mi sì ti lọ láìsí ẹni tí ó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá sì rí i pé ẹnu wọn pa dé, ojú mi yóò lọ sórí àga Màmá Oyè. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mo rí i pé kò tẹ́ gèlè síbẹ̀ mọ́. Ó sún díẹ̀ sí apá kan, bí a ti í sún fún ẹni tí ó ti dé, n kò sì fẹ́ rí i bóyá màmá mi ni ẹni náà.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣé kí n yí ojú padà kí n tó la ẹnu, tàbí kí n la ẹnu sí ògiri kí n kọ ọ́ láìmọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtipadà sílé láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹ bá gbọ́ ohun tí ó dà bí àṣìṣe lẹ́nu àwọn ènìyàn yín, ẹ bèèrè kí ẹ tó tún un ṣe. Mo mọ ìlà náà. Mo mọ bí ó ṣe rẹlẹ̀ tó. Ọjọ́ Ìsinmi ku ọ̀la. Ìlù mẹ́jọ péré ni mo ní.